Ọwọ́ Tí Oyinadé Fi Síwèé

Omi ọṣẹ ló jí Oyinadé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣàn láti ẹnu ọ̀nà Fàúsát, ó gba àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà opó bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n rán an sí. Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti sin Olúṣínà, ọkọ Oyinadé. Nígbà tó wà láyé, omi ẹnikẹ́ni kì í ṣàn débẹ̀.

"Ìyá Kazeem! Ṣé mo ti di gọ́tà ni?"

Fàúsát, ìyàwó Nùréènì tó háyà yàrá méjì lẹ́yìn ilé, ò tiẹ̀ gbórí sókè nídìí báàfù tó ti ń fọṣọ. "Ẹ káàárọ̀ ná, Ìyá Bọ́láńlé. Omi ò lójú. Ibi tó bá dagẹ̀rẹ̀ ló ń ṣàn sí."

"Ẹni tó dà á lójú."

"Àbí ẹ fẹ́ kí n gbé e mì ni? Ẹ wò ó, ẹni tó yá bíìrò ọmọ mi láti èṣí, tí ò dá a padà dòní, kò yẹ kó máa bá mi fa ọ̀rọ̀ omi. Bíìrò pupa tuntun! Kazeem jẹgba nílé ìwé nítorí ẹ̀."

"Nítorí bíìrò?"

"Nítorí bíìrò ni o. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé."

Oyinadé ti ilẹ̀kùn. Ẹnu Fàúsát kì í sinmi. Bí kò bá rí èèyàn bá jà, á bá ìkòkò jà. Olúṣínà máa ń sọ pé obìnrin náà ni rédíò ilé àwọn, pé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á ni kò sí lára ẹ̀.

Nínú yàrá, Ọmọ́bọ́láńlé ti po ògì, ó sì ti gbé mọ́ínmọ́ín àná kalẹ̀. Òun ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ọlárónkẹ́, ti lọ sílé ìwé. Àwọn méjèèjì ni Olúṣínà bí.

"Mọ́mì, aago mẹ́rin ni Bọ̀dá Mákánjúọlá sọ àbí?"

"Aago mẹ́rin. Akọ̀wé kì í pẹ́ síbi tí ìwé bá wà."

Mákánjúọlá ni àbúrò Olúṣínà, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọmọ lè pè é ní Mákánjúọlá. Oyinadé ò pè é bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́rin ni òun fi jù ú lọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Lọ́jọ́ ìdána ló rí bíìrò mẹ́ta ní àpò àyà ọkùnrin náà, ló bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé, gbogbo ẹbí sì rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún rèé. Akọ̀wé ló wá ń gbé ìwé bọ̀ lónìí yìí.

Ìwé náà ò gùn. Ó ní kí opó gbà, lórúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ, pé Mákánjúọlá ni kí ìjọba fún ní àṣẹ lórí ohun tí Olúṣínà fi sílẹ̀, nítorí pé Olúṣínà kú láì kọ ìwé ìhágún. Ohun tó fi sílẹ̀ náà ò ju ilé yìí lọ, yàrá mẹ́jọ ní Agége, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kan níwájú. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Oyinadé ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ agbègbè. Maṣíìnì ńlá méjì ló wà níbẹ̀, bóòtù ni wọ́n fi dè wọ́n mọ́ sìmẹ́ńtì. Òun ló ra búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Òun ló tún bomi rin wọ́n láràárọ̀ títí wọ́n fi gbẹ.

"Ó ní tí mo bá ti fọwọ́ sí i, òun á kọ ṣọ́ọ̀bù sórúkọ mi."

"Ilé tó kù ńkọ́?"

"Ó ní wọ́n á tà á, wọ́n á pín in."

"Àwọn wo?"

Oyinadé ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ abọ́ ògì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

"Mọ́mì, Dádì kọ wíìlì. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

"Rọra sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ gé ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni Olúṣínà jókòó, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ó fún Oyinadé ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fún àwọn ọmọ méjèèjì ní ilé tó kù, ó ní kí ìyá wọn máa bójú tó o títí wọn yóò fi dàgbà. Kò jẹ́ kí ẹbí gbọ́, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú. Nínú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì ni ìwé náà wà, nínú nylọ́ọ̀nù, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì.

"Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà yẹn kí wọ́n tó dé," Ọmọ́bọ́láńlé ní. "Ẹ dákun."

*

Ọ́fíìsì lọ́yà Hameedah wà ní Ọgbà, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta táyà. Ó wé híjáàbù aláwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ ò sì ju ti ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ki gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀. Oyinadé jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Lọ́yà, ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Ẹ wá sọ ọ́ kí n gbọ́."

Hameedah rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Ìwé yìí dáa. Ọkọ yín fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Bíìrò pupa tí gbogbo wọn lò ò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹlẹ́rìí méjèèjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó?"

"Orí bẹ́ǹṣì kan náà la wà. Nùréènì ayálégbé wa wà lọ́tùn-ún ọkọ mi, èmi wà lósì."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni ẹlẹ́rìí kejì. Ẹ wo orúkọ mi níbẹ̀." Oyinadé fi ìka tọ́ ọ. Ó ń dùn mọ́ ọn láti fi hàn. "Ọkọ mi ní ta ló mọ inú òun tó mi."

Hameedah gbé ìwé náà sílẹ̀.

"Mà, òfin ò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí gba ẹ̀bùn nínú ìwé ìhágún tó jẹ́rìí sí. Ìwé yìí dúró. Ti àwọn ọmọ dúró. Iṣẹ́ tó fún yín pé kí ẹ máa bójú tó ilé, òun náà dúró. Ṣọ́ọ̀bù tó fún yín ni kò dúró; ọwọ́ àwọn ọmọ ló máa bọ́ sí."

"Torí kí ni?"

"Torí pé ẹ fọwọ́ sí i."

"Tí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Tí ẹlòmíì bá fọwọ́ síbẹ̀ dípò yín, tiyín ni."

Nísàlẹ̀, ẹnìkan ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó ń dún fììì. Oyinadé ń wo orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé. Ó ti fara balẹ̀ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó tiẹ̀ fàlà sí abẹ́ ẹ̀.

"Èmi ni mo ra búlọ́ọ̀kù ṣọ́ọ̀bù yẹn."

"Rìsíìtì wà lórúkọ yín?"

"Lọ́yà, ṣé ẹ ti lọ́kọ?"

"Rárá, mà."

"Tẹ́ ẹ bá lọ́kọ, ẹ máa gba rìsíìtì."

Hameedah bi í bóyá ìgbéyàwó kóòtù ni wọ́n ṣe. Oyinadé ní ìdána ni. Hameedah kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní àṣà ò jẹ́ kí ìyàwó ìdána jogún ọkọ. Ó yé Oyinadé pé ilẹ̀kùn mìíràn ló tún tì yẹn.

"Tí mo bá wá fi ìwé yìí pamọ́ ńkọ́, kí n gba ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò ọkọ mi fẹ́ fún mi?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, mà, kéèyàn fi ìwé ìhágún pamọ́. Ẹnu ló sì fi ṣèlérí fún yín, àbí? Tí àṣẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tó tà á, inú kóòtù ni àwọn ọmọ yín máa dàgbà sí." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà sínú nylọ́ọ̀nù. "Ẹ lọ bá Nùréènì. Òun ló máa búra pé òun rí ọkọ yín nígbà tó fọwọ́ sí i. Tó bá ní òun ò rí i, gbogbo ẹ̀ lè dàrú, ti àwọn ọmọ náà."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e padà, ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í ń jẹ gúgúrú. Oyinadé ń rò ó. Tí ó bá dákẹ́, bóyá á rí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ á pàdánù ilé. Tó bá mú ìwé jáde, àwọn ọmọ á rí ilé, òun fúnra rẹ̀ á sì di àlejò nídìí maṣíìnì ara rẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe é. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, à bá mọ ẹni tí à ń ṣépè fún.

*

Àwọn obìnrin méjì tó ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ dákẹ́ nígbà tó wọlé. Lẹ́yìn tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ní, "Wọ́n ní ó ń kó ìwé kiri. Ọkọ ò tíì jẹrà tán." Èkejì pòṣé, àmọ́ kò sọ pé irọ́ ni.

Nùréènì ti Jímọ̀ dé. Fóònù ló ń tún ṣe ní Computer Village, ó sì máa ń gbé díẹ̀ wálé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ inú fóònù kan tó bomi.

"Bàbá Kazeem, ẹ rántí ìwé tí a jọ fọwọ́ sí?"

"Ìyá Bọ́láńlé, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lórí èèyàn. Èèyàn ń gbàgbé."

"Ọdún kan ò tíì pé."

Ó fẹ́ eruku kúrò lára fóònù náà. "Akọ̀wé yín pè mí láàárọ̀. Ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilé ò ní lé mi, pé òun á bá mi sọ ọ́. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní o."

"Mo mọ iye wọn. Ẹ ṣáà sọ ohun tí ojú yín rí. Ẹlẹ́rìí ní í jẹ́rìí, ẹlẹ́nu kì í jẹ́rìí."

Fàúsát yọjú láti ìdí sítóòfù tó ti ń din ata, ṣíbí lọ́wọ́. "Ta lẹ̀ ń fi òwe bú níwájú ilé mi? Èmi lẹlẹ́nu, àbí?"

"Mi ò dárúkọ yín, Ìyá Kazeem."

"Ẹ ò dárúkọ mi. Ẹnu mélòó ló wà nílé yìí?"

Nùréènì ò tún gbójú sókè. Ó ń fọ ibi tó ti fọ tẹ́lẹ̀.

*

Aago mẹ́rin ò lé ìṣẹ́jú kan tí Mákánjúọlá fi dé. Ó mú Bàbá Àgbà dání, àbúrò bàbá wọn, olórí ẹbí, tí wọ́n gbé wá láti Ìjẹ̀bú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí nítorí ooru. Oyinadé ti se ìkókóré, ó gbé e fún bàbá pẹ̀lú ẹja. Bàbá ń jẹ, kò sọ̀rọ̀. Mákánjúọlá ní òun ti yó. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fa bíìrò yọ ní àpò àyà. Àwọn ayálégbé ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà wọn, oníkálukú ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Ìyàwó wa," Mákánjúọlá bẹ̀rẹ̀, "ẹbí laṣọ. Ẹni tí kò ní ẹbí, ìhòòhò ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹni àlàáfíà, orí ìrẹ́pọ̀ ló sì ń sùn báyìí. A ò ní jẹ́ kí ayé fi wá ṣẹ̀sín. Ohun tí a fẹ́ ṣe yìí, ìfẹ́ ló bí i."

Ó sọ ọ́ pẹ́. Oyinadé ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù. Nígbà tó dánu dúró, Oyinadé bi í pé:

"Akọ̀wé, ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ní ẹ máa kọ sórúkọ mi, ibo ló wà nínú ìwé yìí?"

"Ìyẹn ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé."

"Àmọ́ tèmi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ọ̀rọ̀ ìwé ni."

Ẹnu Bàbá Àgbà tó ń jẹun dúró. Ó ṣe díẹ̀, ó tún ń jẹ lọ.

Oyinadé wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó kó bọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dá nylọ́ọ̀nù tó ti ń gbé kiri láti àárọ̀ padà síbi tó ti mú un. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan orí maṣíìnì. Irin náà tutù. Ó tún mú nylọ́ọ̀nù náà, ó sì gbé e jáde.

Mákánjúọlá ka ìwé náà. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Oyinadé! Ìwọ fúnra ẹ lo jẹ́rìí sí ẹ̀bùn ara ẹ? Ṣé o mọ̀ pé o ò lè rí nǹkan kan gbà níbí?"

"Mo mọ̀. Lọ́yà ti sọ fún mi."

"O mọ̀, o tún gbé e jáde?"

"Ti àwọn ọmọ wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó tún wo ìwé. "Ta nìyí? Nùréènì! Wá síbí. Ṣé ìṣojú ẹ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe fọwọ́ sí i?"

Nùréènì dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bọ̀dá, mi ò lè... mi ò lè sọ pé mo rántí."

Ṣíbí Bàbá Àgbà kan abọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ́bọ́láńlé tó fara ti ògiri bo ẹnu rẹ̀.

"Ó tán nìyẹn," Mákánjúọlá ní. Ó na bíìrò sí Oyinadé. "Ibí yìí ni kó o fọwọ́ sí."

"Kí ló tán?"

Fàúsát ni. Ó jáde tòun ti ṣíbí ata.

"Ìyá Kazeem, wọlé," Nùréènì ní.

"Mi ò wọlé! Bàbá Kazeem, ìwọ ò rántí? Ọjọ́ Sunday ni, òjò ń rọ̀, orí bẹ́ǹṣì yìí ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí, èmi ń bó ẹ̀gúsí níbí tí mo dúró sí yìí. Bàbá Bọ́láńlé ń wá bíìrò. Ta ló fún wọn? Èmi! Mo ní pupa nìkan ló wà, mo ní wọn kì í fi pupa kọ orúkọ alààyè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bíìrò ò pààyàn. Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e fún ẹ, o fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e fún ìyàwó wọn. Ẹ ò dá bíìrò mi padà! Mi ò tíì fojú kan ìwé yẹn látìgbà náà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kì í bá ṣe pupa, ẹ pè mí ní elékèé níbí."

Bàbá Àgbà nawọ́. Ọmọ́bọ́láńlé gba ìwé náà lọ́wọ́ Mákánjúọlá, ó gbé e fún un. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ sí sòkòtò, ó gbé ìwé náà síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó sún un mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Pupa ni," ó ní. "Gbogbo ẹ̀."

Nùréènì fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. "Bẹ́ẹ̀ ló rí," ó ní. "Mo rí wọn."

Àwọn àgbà ti pòwe pé ẹlẹ́rìí ní í jẹ́rìí. Lọ́jọ́ yìí ní Agége, ẹlẹ́rìí dákẹ́, ẹlẹ́nu ló jẹ́rìí.

Mákánjúọlá ká ìwé tirẹ̀. Ó ń ká a kékeré-kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ parí ẹ̀. "Kóòtù wà. A máa pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ fún ẹ, ìyàwó. Ọwọ́ ara ẹ lo fi ṣe ara ẹ. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọbìnrin yìí bá lọ́kọ, ọkọ wọn ló máa yọ bóòtù maṣíìnì ẹ, tó máa jù ú síta. Ìgbà yẹn, o máa wá mi wá."

Oyinadé wò ó. Ogún ọdún ló ti ń kúnlẹ̀ kí i.

"Mákánjúọlá," ó ní.

Ẹnìkan lára àwọn ayálégbé ní "Háà!" Bíìrò dúró lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò dé àpò. Oyinadé ò fi nǹkan kan kún un. Má kánjú ọlá: bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kó tó kú.

"Bàbá, ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ orúkọ tí ìyàwó ilé pè mí?"

"Mo gbọ́," Bàbá Àgbà ní. Ó ti abọ́ ìkókóré sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ògiri mú, ó dìde. "Orúkọ rẹ kọ́ ni? Gbé mi lọ sílé."

*

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Oyinadé tún fa dúrọ́ọ̀ maṣíìnì. Ó mú bíìrò pupa náà jáde, ó gbé e lọ bá Fàúsát.

Fàúsát fà á sí àtẹ́lẹwọ́. Kò kọ nǹkan kan. Ó fi ẹnu hó o, ó tún fà á.

"Ó ti gbẹ."

"Màá ra òmíì."

"Ẹ má ra nǹkan kan. Kí n wá rí kí ni màá fi máa bá yín jà?" Ó ju bíìrò náà sínú garawa ìdọ̀tí. "Kẹ́ ẹ má sì rò pé mo fẹ́ràn yín o. Tí wọ́n bá ta ilé yìí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ ru ẹrù jáde."

Nínú yàrá wọn, Nùréènì ń fọ fóònù. Fàúsát ò bá a sọ̀rọ̀. Rédíò ilé ò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Oyinadé jókòó sídìí maṣíìnì. Aṣọ iṣẹ́ mẹ́fà ló kù tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́la, àpò wọn nìkan ni kò tíì wà lára wọn. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kì í kó tó wọlé.

Ọmọ́bọ́láńlé dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oyinadé àti Olúṣínà ni wọ́n jọ yan orúkọ náà fún un, ọmọ tó bá ọlá nílé. Wọ́n rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà.

"Mọ́mì, ìkókóré kù. Ẹ wá jẹun."

Oyinadé gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. "Onílé," ó ní, "ṣé kò sí wàhálà, tí mo bá kọ́kọ́ rán èyí tán?"

Ó ṣe é bí àwàdà. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀, kò sì mọ ohun tí onílé máa ń sọ.